Ohùn Méjì Lórí Àwo Kan: Ìbejì Líjàdù ní Ọdún 1976

Àwọn tó pè mí wá sí Ìwàrè ní kí n sọ̀rọ̀ lórí orin àti ìlú. Ọ̀rọ̀ náà tóbi ju wákàtí kan lọ, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n mú àwo orin kan ṣoṣo dání wá. Àwo ọ̀hún nìyí. Danger lorúkọ rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti gbé e jáde ní 1976, àwọn ìbejì obìnrin méjì, Táyéwò àti Kẹ́hìndé Líjàdù, ló sì kọ ọ́.

Àwọn àgbà tó wà níbí kò ní í gbàgbé ọdún yẹn. Ọjọ́ kẹta oṣù Èrèlé 1976 ni ìjọba Murtala Muhammed pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn sí mẹ́ta, tí àwa fi di ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n pa Murtala l'Ékòó. Láàrin ọdún kan náà, ọmọbìnrin kan tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ, Sàláwà Àbẹ̀ní, fi wákà dárò olóògbé náà, àwo rẹ̀ sì gba ilé gbogbo kan. Ẹ wá wò ó: ọmọbìnrin oníwákà lápá kan, ìbejì onígìtá iná mànàmáná lápá kejì, ọdún kan náà. Àwọn obìnrin ti ń kọrin nílẹ̀ wa láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n nídìí àwo, ègbè ni wọ́n sábà máa ń fún wọn gbé. Lọ́dún 1976, obìnrin ló ń lé orin.

Èmi gbọ́ Danger lọ́mọdé, kí n tó mọ orúkọ àwọn tó kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ránṣọ ní Ìlọrà. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Chénjà kan, ẹ̀rọ tó ń kọ àwo, wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì rẹ̀, owó Údójì tí ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà gbà ló fi rà á fún un. Ẹ̀yin tí ẹ ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà náà rántí Údójì dáadáa. Ìjọba fi kún owó oṣù, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́ẹ̀kan náà ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Ẹlòmíràn ra alùpùpù, ẹlòmíràn kan páànù sórí ilé, ọ̀pọ̀ ló sì ra ẹ̀rọ tó ń kọrin. Mo gbà lọ́kàn mi pé láìsí owó yẹn, àwo ńlá kì bá tètè dé àwọn ìlú bíi tiwa. Ẹni tí kò ní ẹ̀rọ, kí ló fẹ́ fi àwo ṣe?

Abẹ́rẹ́ méjì ni Ìyá Aránṣọ máa ń ṣọ́ bí ẹyin ojú, ti máṣíìnì àti ti chénjà, kò sì sí ọmọ iṣẹ́ tó gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkejì. Bí Danger bá ti ń kọ, àwọn ọmọ iṣẹ́ á máa bá a kọ ọ́. Òun náà á máa kọ ọ́, ṣùgbọ́n ohùn tirẹ̀ kì í sí níbi tí tiwọn wà. Á rọra bọ́ sísàlẹ̀ wọn díẹ̀, á dúró síbẹ̀ títí orin á fi parí. Mo bi í léèrè pé kí ló dé tí kò kọ ọ́ bí gbogbo wọn ṣe ń kọ ọ́. Ó ní, "Tẹ́tí sí i dáadáa, ọkọ mi. Ẹni méjì ló ń kọrin níbẹ̀. O ti sọ ẹnì kan nù."

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan yá àwo náà fún ìnáwó, kò sì dá a padà mọ́. Páálí rẹ̀ nìkan ló kù nílé. Inú páálí yẹn ni Ìyá Aránṣọ ń kó ìwé gbèsè àwọn oníbàárà sí títí ó fi kógbá iṣẹ́ wọlé. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo tó mú páálí náà, tí mo ka orúkọ tó wà lára rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí, inú gbólóhùn Ìyá Aránṣọ yẹn ló ti wá: ẹni méjì ló ń kọrin, a sì sọ wọ́n nù.

Ta ni wọ́n? Ọjọ́ 22 oṣù Ọ̀wàrà 1948 ni wọ́n bí wọn ní ìlú Jọ́ọ̀sì. Ìbejì tó jọra bí ìmumu ni wọ́n, Fẹlá Aníkúlápó-Kútì sì jẹ́ ìbátan wọn. Ìparí àwọn ọdún 1960 ni wọ́n ṣe àwo kékeré wọn àkọ́kọ́, Ìyá Mi Jọ̀wọ́. Nígbà tí Ginger Baker, onílù ará Ìlú Ọba tó ti lu ìlù nínú ẹgbẹ́ Cream, wá sí Nàìjíríà tó kó ẹgbẹ́ kan jọ tí wọ́n pè ní Salt, àwọn ìbejì yìí bá a ṣeré ní 1972. Inú Salt yẹn náà ni Berkley Jones àti Laolu Akins wà kí wọ́n tó lọ dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé nígbà tí àwọn ìbejì yóò fi ṣe àwo ńlá tiwọn, wọ́n ti dúró láàrin àwọn tó ń fi gìtá pariwo ní Èkó, wọ́n sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń kọrin tí ariwo gìtá kò ní í bò wọ́n mọ́lẹ̀.

Àwo mẹ́rin ni wọ́n ṣe lábẹ́ Afrodisia, ọ̀wọ́ àwo tí Decca ń gbé jáde níbí nígbà náà: Danger ní 1976, Mother Africa ní 1977, Sunshine ní 1978, Horizon Unlimited ní 1979. Ọdún mẹ́rin, àwo mẹ́rin. Ọ̀gbẹ́ni Biddy Wright ló bá wọn to orin. Ọlọ́pọ̀ ẹ̀bùn ni. Ó mọ gìtá, ó mọ dùùrù, ó mọ ìlù, òun fúnra rẹ̀ ló sì lo púpọ̀ nínú àwọn ohun èlò tí a ń gbọ́ nínú Danger. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé ẹgbẹ́ ńlá tó kún yàrá ló wà nídìí ariwo yẹn, ẹ sọ fún un pé ọwọ́ díẹ̀ ni. Orin wà lọ́wọ́ ìbejì, ohun èlò wà lọ́wọ́ Wright.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ohùn wọn, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Èdè wa ní ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀. Ọkọ tó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ tó ń gbé èrò lọ sí Ọ̀yọ́, ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ jù: ohùn nìkan ló yà wọ́n. Bí o bá fi orin gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibi tí kò yẹ, o ti sọ nǹkan mìíràn. Ìyà yìí ni orin ìsìn jẹ wá nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ rẹ̀ láti Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sì fi ohùn òyìnbó kọ ọ́. Àwọn bàbá wa wà nínú ìjọ, wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu wọn kò sọ rí. T.K.E. Phillips, tó ń tẹ dùùrù ní kàtídírà Christ Church l'Ékòó, fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ọ̀nà àbáyọ, ó sì kọ ìwé Yoruba Music lé e lórí ní 1953.

Bí ohùn kan bá lè ba ọ̀rọ̀ jẹ́ báyìí, kí ni ká wá sọ nípa ohùn méjì tí kò sí lórí ìlà kan náà? Bí èkínní bá ń gòkè tí èkejì ń sọ̀kalẹ̀, ọ̀kan nínú wọn á ti sọ ọkọ di ọkọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà wa fi fẹ́ràn lílé àti gbígbè, tí gbogbo elégbè á sì para pọ̀ di ohùn kan. Ọ̀nà tí àwọn ìbejì Líjàdù gbà nínú orin Yorùbá wọn rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ jọ wà lójú kan, bí ẹni kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ọ̀kan á yẹra díẹ̀, á bọ́ sí ìsàlẹ̀ tàbí òkè èkejì, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ń gòkè, wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀, bí ẹni méjì tó ń rìn lórí ebè méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Ọ̀rọ̀ kò bàjẹ́. Nítorí pé ìyá kan náà ló bí wọn lọ́jọ́ kan náà, àwọ̀ ohùn wọn kò yàtọ̀, ẹni tí kò fara balẹ̀ á rò pé ọ̀fun kan ló ń pe ohùn méjì.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ kò nílò kí àlejò wá sọ ìtàn ìbejì fún yín. Ìṣokùn tí a fi ń kì wọ́n wà ní Ọ̀yọ́ níbí, Ìgbò-Ọrà tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ìbejì wà nínú ìpínlẹ̀ wa. Ẹ mọ̀ pé Kẹ́hìndé ni ẹ̀gbọ́n, pé òun ló rán Táyéwò jáde kó lọ tọ́ ayé wò. Lọ́kàn tèmi, mo máa ń gbọ́ èyí nínú orin wọn. Ohùn kan á ti lọ síwájú, èkejì á dé lẹ́yìn rẹ̀ bíi pé òun ló rán an. N kò sọ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo ń sọ ohun tí etí mi gbọ́ ni.

Orin mẹ́fà ló wà nínú Danger, Gẹ̀ẹ́sì ló sì gba púpọ̀ nínú wọn. Àwọn kan á bi mí pé kí ló dé tí mo fi mú un wá síwájú ìjókòó Yorùbá. Ọ̀dọ́bìnrin tó fẹ́ kí ará Kánò àti ará Ẹnúgu gbọ́ òun lọ́dún 1976, èdè wo ló fẹ́ kọ? Ṣùgbọ́n ìwà orin náà kò kúrò nílé. Wọ́n ń pe ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bí ẹni tó ti kọ́ láti kékeré pé ohùn lè yí ìtumọ̀ padà: ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró, ó mọ́, kò sí èyí tí a gbé mì. Ìyá Aránṣọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ kò sí ọ̀rọ̀ kan tí kò lè pè nínú àwo yẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, nínú Mother Africa, wọ́n padà sí Yorùbá dáadáa. Wọ́n tún Ìyá Mi Jọ̀wọ́ kọ níbẹ̀, orin Òṣùpá náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tí mo sọ nípa ọkọ àti ọkọ̀, kó lọ gbọ́ àwo yẹn.

Nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Bobby ni mo kà sí èyí tó fúyẹ́ jù. Amebo yàtọ̀. Àwọn ọmọdé òní ń pe olófòófó ní àmẹ́bọ̀ láìmọ ibi tó ti wá. Eré orí tẹlifíṣọ̀n ni, The Village Headmaster. Ìyáàfin Ibidun Allison ló ń ṣe obìnrin tó ń gbé ọ̀rọ̀ kiri ìlú níbẹ̀, Àmẹ́bọ̀ sì lorúkọ rẹ̀ nínú eré. Orúkọ ẹ̀dá inú eré di ọ̀rọ̀ tí gbogbo Nàìjíríà ń sọ, àwọn ìbejì yìí sì tètè fi í kọrin. Bí mo bá fẹ́ fi han ọmọ iléèwé bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọlé sínú èdè, orin yìí ni mo máa lò.

Ṣùgbọ́n Life's Gone Down Low lọ́kàn mi fà mọ́ jù. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ mú gbólóhùn kan, ó ń tún un sọ, kò kánjú, ó ń tún un sọ. Àwọn ìbejì wá sọ pé ayé ti rẹlẹ̀. Wọn kò pariwo, wọn kò bú ẹnikẹ́ni lórúkọ. Ẹ rántí pé ìjọba ológun ló wà lórí àga, owó epo rọ̀bì ń wọlé, gbogbo ènìyàn ń sọ pé Nàìjíríà ti dé ibi gíga. Obìnrin méjì tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún ló dìde sọ pé ibi tí a wà kò ga. Nínú Cashing In wọ́n tún yí ojú sí àwọn tó ń fi ìyà ẹlòmíràn kówó jọ. Fẹlá ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú fèrè àti ọ̀pọ̀ èrò lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wa sì rántí. Àwọn wọ̀nyí fi ohùn jẹ́jẹ́ sọ ọ́, ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ ká gbàgbé wọn.

Mo ní kí n sọ ọ̀rọ̀ owó, torí n kò fẹ́ kí ẹ rò pé ìgbàgbé nìkan ló ṣe wọ́n. Àwọn ìbejì yìí sọ ọ́ ní gbangba lọ́pọ̀ ìgbà pé ohun tó tọ́ sí àwọn lórí iṣẹ́ àwọn kò tẹ àwọn lọ́wọ́. Nínú fíìmù Konkombe tí Jeremy Marre ṣe lórí orin Nàìjíríà ní 1979, wọ́n sọ bí iṣẹ́ orin ṣe ṣòro fún obìnrin. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ọsàn ní Fìdítì, ẹ jẹ́ kí n fi tiyín ṣàlàyé rẹ̀. Ẹni tó bá ta apẹ̀rẹ̀ ọsàn fún ọlọ́kọ̀, ó gba owó rẹ̀, ọsàn lọ sí Èkó. Bí wọ́n bá tà á ní ìlọ́po mẹ́ta lọ́hùn-ún, ó lè dùn ún, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ ṣì wà lóko. Orin tí a gbà sórí téèpù yàtọ̀. Téèpù ìpìlẹ̀ yẹn ni igi. Ẹni tó bá fọwọ́ síwèé tí kò kà dáadáa lè rò pé ọsàn ọdún yìí lòun tà, kó sì jẹ́ pé igi àti ilẹ̀ tí igi dúró lé lòun ti tà. Àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ẹlòmíràn ṣì ń ká a.

Ẹ wo bí igi náà ṣe ń so. Lẹ́yìn Horizon Unlimited, wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà láàrin àwọn ọdún 1980, wọ́n ń gbé ní Brooklyn, ní New York. Lọ́dún 1984 ilé iṣẹ́ Shanachie tún orin wọn tẹ̀ síta lọ́hùn-ún pẹ̀lú orúkọ Double Trouble. Ní 1996 Kẹ́hìndé ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ó fi eegun ẹ̀yìn pa, iṣẹ́ orí ìtàgé dúró. Ní 2006, Nas, olórin ràápù ará Amẹ́ríkà, gé lára Life's Gone Down Low, ó sì kọ ràápù tirẹ̀ lé e lórí. Láàrin 2011 sí 2012, Knitting Factory Records tún àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀. Ní 2014 àwọn ìbejì náà tún gorí ìtàgé, níbi eré tí wọ́n fi ń yẹ́ olórin William Onyeabor sí. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Bélú 2019 ni Kẹ́hìndé kú, ẹni ọdún 71. Ní 2024 Numero Group tún gbé Horizon Unlimited jáde. Ọmọ tí wọn kò tíì bí nígbà tí Ìyá Aránṣọ ti kógbá iṣẹ́ wọlé ń rà á ní Lọ́ńdọ̀nù àti ní Chicago.

Mo lọ ka òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọnà tuntun wa, ti 2022, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2023, ohun kan sì gbà mí lọ́kàn. Òfin náà ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní ààbò fún àádọ́ta ọdún lẹ́yìn ìparí ọdún tí wọ́n gbé e jáde. Orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ìlànà tí ẹ̀dá fi ọpọlọ rẹ̀ to, ní ààbò títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Bí ẹni méjì bá jọ kọ ọ́, ọdún ikú ẹni tó gbẹ̀yìn ni wọ́n ń kà. Bí a bá fi òfin yìí wọn Danger, òpin 2026 ni àádọ́ta ọdún ti ohùn náà pé. Ti orin kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í ká nílẹ̀, torí Táyéwò ló kù. Ìyẹn ni pé níwọ̀n ìgbà tí orúkọ wọn bá ti wà lákọsílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ orin, nǹkan kan ṣì wà tí ọwọ́ ẹlòmíràn kò lè gbà.

Orúkọ tó wà lákọsílẹ̀: ọ̀rọ̀ yìí ló gbé mi dé ẹnu ọ̀nà yín. Ní gbogbo agbègbè Afijio yìí, láti Fìdítì dé Awé, àwọn ìyá kan ṣì wà tó lè sun ẹkún ìyàwó. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti fi fóònù gba ohùn wọn. Mo gbọ́ mẹ́ta nínú rẹ̀ kí n tó wọlé síbí. Wọ́n dára púpọ̀. Kò sí orúkọ lórí ẹyọ kan. "Ìyá àgbà kan" ni wọ́n kọ sí ọ̀kan, wọn kò kọ nǹkan kan sí méjì tó kù. Ẹni tó gbà á kò kọ agbo ilé ìyá náà, kò kọ ọjọ́, kò bi í bóyá òun ló to ọ̀rọ̀ náà tàbí ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Inú mi kò dùn sí i, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iléèwé, fóònù yẹn ló wà lọ́wọ́ yín dípò téèpù ìpìlẹ̀. Bí ẹ bá ti tẹ bọ́tìnnì, ẹ kọ́kọ́ ní kí ìyá náà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ orúkọ rẹ̀, ilé rẹ̀ àti ọjọ́. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Mo ti sọ̀rọ̀ tó. Àwọn ìyá méjì wà níwájú níbí tí wọ́n ti gbà láti kọrin fún wa, wọ́n sì ti sọ fún mi pé àwọn á kọ́kọ́ pe orúkọ ara àwọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìde, ẹ jẹ́ ká gbọ́ àwo yìí. Wọ́n ti gbé chénjà kan wá láti Ìlọrà, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì mú. Ẹ dákẹ́ díẹ̀. Àwọn tó wà lápá ọ̀tún mi, ẹ tẹ̀ lé ohùn tó wà lókè. Ẹ̀yin tí ẹ wà lápá òsì, ẹ má jẹ́ kí ti ìsàlẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé abẹ́rẹ́ náà lé e.